Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé níbi tí yanrìn ti ń rìn, ẹ wá sọ tiyín

Yobe lèmi ti sìn, lápá Yusufari nítòsí bọ́dà Niger, kí wàhálà Boko Haram tó dé. Ẹni tí ò débẹ̀ rí lè rò pé eruku la ń sọ o. Òkìtì tó ga ju ilé lọ ni, ó sì ń sún díẹ̀díẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ẹ̀ẹ́ rí i tí yanrìn ń ta pọ́npọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í kọjá orúnkún, ẹsẹ̀ yín lá máa nà bíi pàṣán.

Iléèwé tí mo ti ń kọ́ wọn mọ fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù kí yanrìn má bàa wọlé. Kàkà kó dúró, ṣe ni afẹ́fẹ́ ń gba orí ògiri fò, á wá máa yí po lẹ́yìn ẹ̀, inú ọgbà gan-an ló ń da ẹrù ẹ̀ sí, nígbà tó yá àwọn ewúrẹ́ ń gba orí fẹ́ǹsì wọ kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ níta, ìdí igi bomubomu kọ̀ọ̀kan, táwọn Hausa ń pè ní tumfafiya, ló ní òkìtì kékeré tiẹ̀, ìrù òkìtì náà á wá nà lọ sápá ibi tí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ.

Bàbá ọlọ́dẹ wa ló là mí lójú. Ó ní igi ò lè dá afẹ́fẹ́ dúró, agbára ẹ̀ ló ń gbà, èyí tó bá gba àárín ewé àti ẹ̀ka kọjá ti rẹ̀, kò lè gbé yanrìn mọ́, àfi kó sọ ọ́ kalẹ̀. Tí yanrìn bá bo igi ọ̀ún, àwọn kan á tún yọrí, wọ́n á ta gbòǹgbò tuntun lára ẹ̀ka tó ti rì. Àwọn tó ń gé igi dáná ló máa ń bí bàbá yẹn nínú, torí gbòǹgbò á jẹrà, òkìtì tó ti jókòó jẹ́ẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ bomubomu ní tiẹ̀, nítorí oje funfun yẹn.

Àwa kọ́pà bá ri pòròpórò jéró mọ́lẹ̀ níwájú fẹ́ǹsì, a fàyè sí i láàárín, ibẹ̀ ni yanrìn wá ń kó jọ sí.

*

Ẹ̀gbọ́n, ṣé bomubomu tí àwọn ìyá Fúlàní fi ń ṣe wàrà ní Ṣakí níbí náà nìyẹn? Ó pọ̀ lẹ́yìn ilé wa, mi ò rí òkìtì kankan nídìí ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n koríko ti di ilẹ̀ tiwa mú, kí lafẹ́fẹ́ fẹ́ rí gbé?

*

Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n mi.

*

Lanzhou ní China lèmi ti kàwé, mo sì lọ wo Shapotou, ibi kan tí yanrìn pọ̀ sí lọ́hùn-ún. Pòròpórò àlìkámà ni wọ́n fi ṣọ́bìrì tẹ̀ wọnú yanrìn, wọ́n pín in ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ìwọ̀n mítà kan sí mítà kan, ó lọ salalu. Koríko gbígbẹ lásán o, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì! Láàárín ọdún mélòó kan á jẹrà, àmọ́ kó tó jẹrà, igi kéékèèké tí wọ́n gbìn sáàárín ẹ̀ á ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú irin Baotou sí Lanzhou, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1958, gba àárín yanrìn yẹn kọjá, rélùwéè ṣì ń sáré lórí ẹ̀ dòní.