Jó, jò àti ìpìlẹ̀: orúkọ wo ló yẹ ẹsẹ̀ tiransísítọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tí ẹ gbé kalẹ̀ ni pé nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta tiransísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná nínú rédíò àti ẹ̀rọ mìíràn), kí a pe béèsì ní ìpìlẹ̀, kí ẹ̀mítà jẹ́ atújáde, kí kọlẹ́kítọ̀ jẹ́ akójọ, kí a sì máa sọ pé "ó ti jó" nípa èyíkéyìí tí mítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) bá fi hàn pé ó ti bàjẹ́. Atújáde dára, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa gbọ́ "mítà" àti "ẹ̀mítà" pọ̀ mọ́ra nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á díẹ̀ lórí ìyókù, torí ọ̀rọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́ ni yóò darí ibi tí yóò gbé ẹnu wáyà mítà lé.

Ìpìlẹ̀ ló léwu jù. Òyìnbó fúnra rẹ̀ kò fi béèsì sọ iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ yẹn ń ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, nígbà tí Bardeen àti Brattain ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ègé germanium (èròjà tí wọ́n fi ṣe tiransísítọ̀ nígbà náà) kan ló wà nísàlẹ̀, tí góòlù tín-ín-rín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú méjì. Ègé ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n pè ní béèsì. Lóde òní, àárín ló wà, ó sì fẹ́lẹ́ gan-an. Bí a bá wá ní kí ọmọ iṣẹ́ kan ní Òkè-Fìà tàbí Ìgbọ̀nnà ní Òṣogbo wá ìpìlẹ̀ TIP41, irú tiransísítọ̀ kan, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì mú, nítorí ibẹ̀ la fi ń dè é mọ́ irin tó ń gba ooru. Kọlẹ́kítọ̀ sì ni irin yẹn! Ti 2N3055 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ara irin rẹ̀ ni kọlẹ́kítọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ló yọ sísàlẹ̀.

Ẹsẹ̀ àṣẹ ni mo dábàá. Iná kékeré tó gba ibẹ̀ ló ń pàṣẹ fún iná ńlá tó ń kọjá láàárín méjì yòókù. Ó sì bá bí a ṣe ń fi mítà wá a mu. Ẹ yí mítà sí ojú dáyóòdù (ibi tó ń wò bóyá iná ń gba apá kan ṣoṣo kọjá), ẹ fi wáyà pupa sórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ máa fi dúdú kan méjì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tó bá mú nǹkan bíi 0.6 fólítì jáde pẹ̀lú àwọn méjèèjì ni ẹsẹ̀ àṣẹ, NPN (ọ̀kan nínú irú méjì tó wà, PNP ni èkejì) sì ni tiransísítọ̀ náà. Àwọn mítà kan máa ń kọ ọ́ ní 600 tàbí 650, ní mílífólítì. Ohun kan náà ni. Bó bá jẹ́ dúdú ló gbọ́dọ̀ dúró lójú kan kí pupa máa rìn, PNP ni. Láàárín méjì yòókù, mítà kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan, ẹ̀ báà yí wáyà padà: OL tàbí 1 ni yóò kọ, ìyẹn ni pé iná kò kọjá. Ẹ má fi ipò ẹsẹ̀ mọ béèsì o. Bí ojú pẹlẹbẹ bá kọjú sí yín, tí ẹsẹ̀ dorí kodò, àárín ni ti BC547 wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ti C945.

Láti mọ atújáde yàtọ̀ sí èkejì, ẹ wo nọ́ńbà dáadáa. Ti atújáde máa ń fi díẹ̀ ga jù, bíi 0.662 sí 0.655, nítorí pé èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn pọ̀ ju ti kọlẹ́kítọ̀ lọ. Fún kọlẹ́kítọ̀ yìí, akójọ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Etí yóò gbọ́ ọ ní àkójọ, tí í ṣe ohun tí a ti kó jọ, bí ìgbà tí a bá ní àkójọ ìwé. Agbàwọlé ni mo fẹ́: ọ̀kan tú u jáde, èkejì gbà á wọlé.

Àbúrò kan tún dábàá pé kí NPN máa jẹ́ "onípupa", kí PNP sì jẹ́ "onídúdú", torí àwọ̀ wáyà tó ń dúró lórí béèsì. Ó rọrùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ mítà alábẹ́rẹ́ yóò tú u fó. Lójú óòmù (ibi tí mítà ti ń wọn ìdènà iná), ọ̀pọ̀ mítà alábẹ́rẹ́ ló ń gbé pọ́sítíìfù bátìrì inú rẹ̀ gba wáyà dúdú. Onípupa ti mítà onínọ́ńbà á wá di onídúdú lórí èyí, bẹ́ẹ̀ tiransísítọ̀ kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá pọ̀ sí ni "ó ti jó". Àìsàn mẹ́ta ni mítà ń rí, ìwòsàn wọn kò sì dọ́gba. Bí atújáde àti agbàwọlé bá mú òdo jáde, tí mítà ń ké, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Kó tó di pé a fi òmíràn síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ fíúsì wò àti àwọn rẹ̀sísítọ̀ tó wà nítòsí, torí iná tó gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe kékeré. Bí ẹsẹ̀ àṣẹ àti atújáde bá ń kọ OL níhà méjèèjì, ó ti já, bí a ti ń sọ pé wáyà já. Ẹ̀kẹta ni ti jíjò: mítà ń rí nǹkan níbi tí kò yẹ kó ti rí i. Ojú dáyóòdù lè má gbé e jáde. Ẹ yí i sí óòmù tó ga jù, ẹ wọn atújáde sí agbàwọlé, kí ìka yín má kan ẹnu wáyà méjèèjì, torí mítà yóò ka ara yín mọ́ ọn. Tiransísítọ̀ silicon (èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn lóde òní) tó bá ń mú bíi 300 kílò-óòmù jáde ń jò. Germanium inú rédíò àtijọ́ ní tirẹ̀ máa ń jò díẹ̀ láti ilẹ̀ wá, 0.2 sí 0.3 ni yóò sì mú jáde níbi tí silicon ti ń mú 0.6, kì í ṣe àìsàn.

Bí a bá pe gbogbo èyí ní "jó", tí a wá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, "o ti jo" kò ní sọ bóyá iná ló jẹ ẹ́ tàbí ó ń jò. Ẹ jẹ́ kí jó wà fún ohun tí ojú rí tàbí tí imú gbọ́: ara tó sán, tó dúdú, tó ń rùn. Fún jíjò, kí a máa lo "ń", torí àìsàn náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. "O n jo" àti "o ti jo" ṣì yàtọ̀ síra lórí fóònù tí kò ní àmì.

Orúkọ àìsàn kò sì gbọdọ̀ yá jáde lẹ́nu nígbà tí tiransísítọ̀ ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù. Kọ́ìlì àti rẹ̀sísítọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè mú kí mítà ké. Ẹ yọ iná, ẹ fi gílóòbù tú iná inú kàpásítọ̀ ńlá dànù, torí ó lè kọjá 300 fólítì, kí ẹ tó yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Kódà lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù, D1555, tiransísítọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, lè tan ènìyàn jẹ: rẹ̀sísítọ̀ kékeré wà nínú rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àṣẹ àti atújáde, dáyóòdù sì wà láàárín atújáde àti agbàwọlé. Mítà lè ké níbi àkọ́kọ́, kó mú nọ́ńbà jáde níbi kejì, síbẹ̀ kò ṣọ́ọ̀tì, kò sì jò.

"Ó dára" náà pọ̀ jù fún ohun tí mítà mọ̀. Fólítì díẹ̀ ni mítà fi ń dán an wò. Èyí tó ń jò nígbà tí 300 fólítì bá dé lè dákẹ́ lórí mítà. "Mítà kò rí àléébù" ni kí a máa kọ sára rẹ̀.

Ó ku géètì, ẹsẹ̀ kan lára MOSFET (irú tiransísítọ̀ mìíràn), bí IRF3205 inú ínfátà. Òun náà ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n fólítì ló fi ń pàṣẹ, iná kì í ṣàn gba ibẹ̀ bó bá ti dúró. Bí a bá pe òun náà ní ẹsẹ̀ àṣẹ, ọmọ iṣẹ́ yóò máa wá 0.6 níbi tí kò sí. Ẹ jẹ́ kó ṣì máa jẹ́ géètì ná, Ẹ̀gbọ́n, àyàfi bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.