Ìdílé William Marshal: knight kì í ṣe "akọni", ìran wọn ò sì parun

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn ìdílé William Marshal, jagunjagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́dún 1219, sí Yorùbá ní ká bá àwọn yẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn lò wò. Wọ́n pe knight ní "akọni", wọ́n pe marshal ní "olórí ogun", wọ́n ní "ìdí-igi" ni wọ́n fi pín ogún náà, wọ́n sì parí rẹ̀ pé "ìdílé náà parun". Ẹ̀gbọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwà ni akọni, kì í ṣe ipò. Ẹni tí kò bẹ̀rù ni akọni, yálà ó ní ẹṣin tàbí kò ní. Knight jẹ́ ipò tí wọ́n ń fi èèyàn sí: wọ́n á di idà mọ́ ọmọkùnrin nídìí níṣojú àwọn àgbà, láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀kan lára wọn. Bàbá lè jẹ́ knight kí ọmọ má jẹ́. William fúnra rẹ̀ ti tó bí ọmọ ogún ọdún kí ìbátan wọn tó jẹ́ olúwa Tancarville ní Normandy tó di idà mọ́ ọn.

Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni ẹ̀ṣọ́. Láyé àtijọ́, àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lójú ogun ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ogún bàbá. Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Iwájú gan-an ni ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí a bá dá "ẹ̀ṣọ́" nìkan pe fún ọmọ òde òní, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó ń dá mọ́tò dúró ló máa wá sí i lọ́kàn, tàbí bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá "ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin". Ẹṣin làwọn Faransé náà fi sọ wọ́n lórúkọ, chevalier, láti ara cheval tó jẹ́ ẹṣin. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló yàtọ̀: cniht àtijọ́ tó di knight, ọmọdékùnrin tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Knecht ṣe ń jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Jámánì títí dòní. Kò sí akọni nínú ọ̀kankan níbẹ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ marshal. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì ló so pọ̀: marh ni ẹṣin, skalk ni ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ ẹṣin ni. Gilbert, bàbá bàbá William, ló di ipò yìí mú lábẹ́ Ọba Henry Kìíní; nígbà tí àwọn mìíràn ní tàwọn ni, òun àti John ọmọ rẹ̀ jà á níwájú ọba, wọn ò sì jẹ́ kó bọ́. Láti orí iṣẹ́ ló ti di orúkọ. John FitzGilbert ni bàbá William ń jẹ́, ìyẹn John ọmọ Gilbert. Nígbà tó yá wọ́n ń pè é ní John Marshal, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ wo bí Àyàn ṣe wà níwájú orúkọ àwọn ọmọ onílù. Lóòótọ́, William ló ṣáájú ogun ní Lincoln lọ́dún 1217, nígbà tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ẹnì kan lè sọ pé Olókùn-ẹṣin wà ní Ọ̀yọ́, kí ló dé tí a ò lò ó? Èmi náà kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá mọ Olókùn-ẹṣin mọ̀ pé ó máa ń bá Aláàfin kú láyé àtijọ́ ni. Marshal sin Henry Kejì, ó sin Richard, ó sin Ọba John, gbogbo wọn kú lójú rẹ̀. Lọ́dún 1216, òun náà ni wọ́n fi Henry Kẹta, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lé lọ́wọ́, ó sì bá a ṣàkóso ìlú títí àìsàn ikú fi dá a dúbúlẹ̀ ní 1219. Òǹkàwé Yorùbá tó bá pàdé "Olókùn-ẹṣin" níbẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló ṣì ń ṣe láyé. Kí Marshal máa jẹ́ Marshal, ká ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré pé olùtọ́jú ẹṣin ọba ni.

Ìdí-igi ló wá jẹ mí lógún jù. Isabel de Clare, àrólé bàbá rẹ̀, ni William fẹ́ lọ́dún 1189. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọkọ rẹ̀ ti lé ní ogójì. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún. Àwọn ọkùnrin náà jogún bàbá wọn tẹ̀lé ara wọn, márààrún kú láìní àrólé. Ọdún 1245 ni èyí tó kẹ́yìn lọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ni pé àgbà ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọkùnrin, àwọn obìnrin á pín in dọ́gba. Bí Leinster ní Ireland, ilẹ̀ tí Isabel jogún, ṣe di márùn-ún nìyẹn: Carlow bọ́ sí ẹ̀ka Maud, Kilkenny sí ti Isabel tó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, Kildare sí ti Sibyl, Wexford sí ti Joan, Dunamase sí ti Eva.

Ó dára, lọ́dọ̀ wa, iye ìyàwó ni ìdí-igi ń kà. Ìyàwó kan ṣoṣo ni Marshal ní. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi ni, ìdí kan péré ló wà, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pín! Orí-ò-jorí, ìyẹn kí wọ́n ka orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ìpín ìyá wá ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Obìnrin méje ni Sibyl bí, Kildare nìkan ni wọ́n rí pín, ìpín kan nínú 35 gbogbo Leinster sì ni oníkálukú mú lọ. Oyè marshal ni kò ṣe é gé. Maud tó jẹ́ àgbà obìnrin ló gbà á, ó sì di ti ọmọ rẹ̀, Roger Bigod. Mo ní ká pe irú pínpín yìí ní "ẹ̀ka-ọmọ".

Ẹ ti rí i nínú èyí pé ìdílé náà kò parun. Orúkọ ló pa rẹ́, ìran ṣì wà. Ti bíṣọ́ọ̀bù Ferns ní Ireland tí Matthew Paris, òǹkọ̀tàn ìgbà náà, kọ pé ó fi àwọn ọmọ Marshal gégùn-ún nítorí ilẹ̀ ìjọ tí bàbá wọn gbà, "ègún" tí ẹ̀gbọ́n lò dára, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ibì kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Lọ́dún 1152, Ọba Stephen dó ti ilé olódi Newbury. John bàbá William fi William, ọmọ bí ọdún márùn-ún, ṣe ìdógò kí wọ́n lè fún un láyè, àyè náà ló sì fi kó oúnjẹ àti jagunjagun wọlé. Ọba ní òun á so ọmọ náà kọ́. Èsì John ni ẹ̀gbọ́n túmọ̀ sí "mo ní òòlù àti irin". Òòlù káfíńtà kọ́ o. Àgbẹ̀dẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá mi àgbà. Bí ẹwìrì bá ti fẹ́ná tí irin pọ́n yòò, orí owú ni wọ́n ń gbé e lé, ọmọ owú ni wọ́n fi ń lù ú. "Mo ṣì ní owú àti ọmọ owú tí màá fi rọ èyí tó dára jù ú lọ." Ọmọ ti wà nínú orúkọ irinṣẹ́ wa, ohun tí bàbá yẹn sì ń wí gan-an nìyẹn.

Stephen ò pa ọmọ náà. Orin ìtàn ìgbésí ayé William, tó gùn ní ìlà 19,214 ní èdè Faransé àtijọ́, sọ pé inú àgọ́ ọba ni ọmọdé náà ti ń já plantain. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ ní "ewé àgbagbà". Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Newbury nígbà náà. Koríko kékeré kan tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Chevalier ni wọ́n ń pe igi ìtànná rẹ̀. Ọba mú ọ̀kan, ọmọ mú ọ̀kan, ọmọ na igi tirẹ̀ mọ́ tọba, orí tọba já bọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbá tèmi ti fẹ́ há. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin ṣeré" ti gùn jù lẹ́nu ọmọ ọdún márùn-ún. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín, láti Ṣakí, Kétu tàbí ibikíbi, mọ eré tí àwọn ọmọdé ń fi igi koríko na ara wọn, àti orúkọ tí wọ́n ń pe koríko tó bá borí?