Àtúnkọ́ ni àbí gígán? Orúkọ iṣẹ́ ilé Àgùdà tó fẹ́ di ọ́fíìsì

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa gbé síta nìyí: àwọn lọ́yà fẹ́ fi ilé alájà àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ṣe ọ́fíìsì. Kí la ó pe iṣẹ́ náà nínú ìwé tí wọn ó kọ ní Yorùbá fún bíríkìlà àti kápẹ́ńtà? Àwọn kan ti dábàá "àtúnkọ́". Mi ò fara mọ́ ọn.

Ilé tó ti wó la ń tún kọ́. Casa do Fernandez ní Tinúbú, tí ará Èkó ń pè ní Ilojo Bar, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní 2016. Bí ẹnì kan bá kọ́ èyí tó jọ ọ́ síbẹ̀ lọ́la, tí òpó àti fèrèsé bára mu látòkè délẹ̀, àtúnkọ́ lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àtúnkọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ilé tó ṣì dúró, ohun àkọ́kọ́ tí bíríkìlà máa bi yín ni ibi tí òun ó da àwókù sí. "Àtúnṣe" kéré jù; ẹni tó gbálẹ̀, tó to àga, òun náà tún ilé ṣe. "Ìsọdọ̀tun" ló wá burú jù, nítorí ọ̀tun gan-an la ń sá fún.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni gán. Igbá tó là la ń gán: a ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀bá ibi tó là, a ó fi okùn fà á pọ̀. Igbá náà náà ni, ojú ibi tí a ti gán an kò sì fara pamọ́. Ẹ wá wo igi òrùlé. Orí igi tó wọnú ògiri ni ikán àti omi máa ń bá jà, torí afẹ́fẹ́ kì í débẹ̀. Ìyókù lè ṣì le koko. A kì í yọ odindi igi. A ó gé ibi tó jẹrà kúrò títí a ó fi kan igi líle, a ó gé ẹnu ti àtijọ́ àti ti tuntun ní dàgẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè jókòó lórí ara wọn, a ó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tù tí kì í dípẹtà dè é. Oògùn ikán ti gbọ́dọ̀ wà lára èyí tuntun kó tó wọ ògiri. Bí kì í bá ṣe gígán, kí ni?

Ohun tí a ó fi rẹ́ ògiri ló le jù. Ẹnìkan ní ká pè é ní "ẹfun". Mo mọ ibi tó ti mú un: òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ni wọ́n ń sun, tí wọ́n ń bu omi pa. Ṣùgbọ́n ẹfun ọjà, amọ̀ funfun lásán ni. Kì í gan, òjò máa fọ̀ ọ́ lọ. "Ẹfun sísun" ni kí ẹ kọ, kí iná hàn nínú orúkọ rẹ̀. Ìdá kan rẹ̀ sí ìdá mẹ́ta iyanrìn tí kò ní iyọ̀. Kí ìrẹ́ kan má nípọn ju mìlímítà 10 lọ, kí ti àkọ́kọ́ sì gan kí èkejì tó gùn ún. Ẹ wọ́n omi sógiri ṣáájú, ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn bá sì sáré gbẹ ẹ́, á máa bu bí ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá ní kí sìmẹ́ńtì rọ́pò rẹ̀ torí ìkánjú, ògiri náà ló máa jìyà rẹ̀. Amọ̀ àti bíríkì àtijọ́ ń fa omi láti ilẹ̀. Ẹfun sísun á jẹ́ kó gbẹ jáde. Sìmẹ́ńtì á há a mọ́nú, iyọ̀ á kó jọ lẹ́yìn rẹ̀, á wú, á sì já lulẹ̀ tòun ti ojú bíríkì.

Ti ọ́fíìsì ò pọ̀. Kí wọ́n má gbẹ́ ògiri amọ̀ nítorí wáyà, kí pàìpù wáyà gba orí ògiri. Kí omi ẹ̀rọ amúlétutù ní ojú ọ̀nà títí dé gọ́tà. Kí àwọn lọ́yà to fáìlì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í ṣe àárín ilẹ̀ onípákó.

Fún ilé tí ìlò rẹ̀ yí padà, mo dábàá "àyílò". Ẹ̀wọ̀n Broad Street tó di Freedom Park ní 2010, àyílò ni. Ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀ ti wó ṣáájú, kò sóhun tí a gán níbẹ̀. Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ilé ọ̀gá rélùwéè tó di mùsíọ́mù, gígán àti àyílò ló jẹ́ pa pọ̀.

*

Èsì ẹ̀gbọ́n: Àbúrò, o ṣeun. Gán dùn létí, ṣùgbọ́n inú ike la ń bu omi mu báyìí. Bíríkìlà ọmọ ọdún márùnlélógún ò mọ̀ ọ́n, ká má tíì sọ ti àwọn tó ti Kùtọnù wá. "Ìmúbọ̀sípò" ni mo máa kọ sẹ́yìn ìwé. Níbi ojú igi àti igi nìkan ni mo ti máa lo gán, torí kápẹ́ńtà á rí i lójú kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Àyílò, rárá. Lórí fóònù, àyálò ni wọn ó gbọ́, lọ́yà á sì rò pé ẹnìkan yá ilé òun lò. "Ilé tí a yí ìlò rẹ̀ padà" gùn, mo mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Ẹfun sísun, mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣáà kọ "láìmù àwọn bíríkìlà" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí bí o bá kọ láìmù nìkan, ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà lè gbé òrombó wẹ́wẹ́ dé.