Àjọní ni, kì í ṣe àjọpín

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àbá tó wà nílẹ̀ fún ìwé kẹ́mísírì tí a fẹ́ fún àwọn ọmọ girama ní Èkìtì ní ká pe íọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù tó ru àmì iná + tàbí −, ní "átọ́ọ̀mù aláìdọ́gba", ká pe ìdè inú iyọ̀, ìyẹn ohun tó so àwọn èròjà rẹ̀ mọ́ra, ní "ìdè ìfúnni", ká sì pe tinú omi ní "ìdè àjọpín". Àwọn ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ìgbà tí ọmọ bá fi wọ́n ṣe ìṣirò ni wàhálà wọn máa jáde.

Sódíọ̀mù (Na) ní púrótọ́ọ̀nù 11, tó ru àmì +, àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, tó ru àmì −, tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele: 2, 8, 1. Tí ẹyọ kan tó wà lóde bá bọ́, ó ku 10, ó sì di Na⁺. "Aláìdọ́gba" ṣì bá ìyẹn mu. Sọ́féètì ńkọ́? Átọ́ọ̀mù 5 ló so mọ́ra nínú SO₄²⁻, gbogbo wọn lápapọ̀ sì ni íọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ọmọ tó ti gbà pé átọ́ọ̀mù ni íọ́ọ̀nù yóò máa wá èyí tó ru àmì náà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká fi íọ́ọ̀nù sílẹ̀ bó ṣe wà. Faraday ló mú un wọ inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1834 láti inú èdè Gíríìkì, ohun tó ń lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Arìn" ì bá bá a mu gan-an, àmọ́ ta ni yóò kọ "arìn sódíọ̀mù" tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Èyí tó léwu jù nínú àbá náà ni "íọ́ọ̀nù àfikún" fún àmì + àti "íọ́ọ̀nù àyọkúrò" fún àmì −. Ohun tó kúrò ló sọ Na di Na⁺. Ọmọ tó bá gbọ́ àfikún yóò fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kún un, yóò kọ 2, 8, 2, yóò sì gba òdo. Mo dábàá "ọlọ́pọ̀ púrótọ́ọ̀nù" àti "ọlọ́pọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù". Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó sọ èwo ló ju èwo lọ. Ẹ fi lítíọ̀mù tó wà nínú òkúta lẹ́pídólàìtì ní Ìjerò dán an wò: púrótọ́ọ̀nù 3, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2, Li⁺. Kò sí ibi tí ọmọ lè ṣì í sí.

Ní ti "ìdè ìfúnni", fífúnni kọ́ ni ìdè. Nígbà tí kílórínì (Cl: 2, 8, 7) bá ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ sódíọ̀mù, tó di 2, 8, 8, ìfúnni ti parí. Ohun tó di wọ́n mú ni pé àmì tó yàtọ̀ síra ń fa ara wọn. Nínú hóró iyọ̀, Cl⁻ 6 ló yí Na⁺ kọ̀ọ̀kan ká, Na⁺ 6 ló sì yí Cl⁻ kọ̀ọ̀kan ká. Nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ́ mólékù iyọ̀, ìyẹn ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù tó dá dúró, àfi ìwọ̀n ọ̀kan sí ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi nílò 801°C kó tó yọ́. Ẹ tún wo omi iyọ̀ tí a gbẹ lórí iná: hóró iyọ̀ padà jáde, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan níbẹ̀. "Ìdè òòfà" kò dára jù ú lọ, torí ọmọ á máa rò pé òòfà lè gbé iyọ̀. "Ìdè íọ́ọ̀nù" tó.

"Àjọpín" ló ká mi lára jù. Nínú omi, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 ló wà nínú ìdè kọ̀ọ̀kan láàárín ọ́ksíjìn àti háídrójìn. Tí a bá ń ka ìpele òde, ọ́ksíjìn ka méjèèjì, háídrójìn náà ka méjèèjì, ọ́ksíjìn sì pé 8. Ẹni tó bá pín in yóò rí 6, yóò ní ọ́ksíjìn kò tíì pé. Ilẹ̀ ẹbí tí a kò tíì pín ni: ọmọ bàbá kọ̀ọ̀kan lè nawọ́ sí gbogbo rẹ̀ pé tiwa ni. "Ìdè àjọní" ni kó jẹ́. Lóòótọ́, a máa ń pín in sí méjì tí a bá ń ṣírò àmì orí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó di yunifásítì kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ẹni tó ní ká kọ "ùdè" dípò "ìdè" torí pé ulé àti uṣu là ń pè ní Èkìtì níbí, kó máa pè é bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí ìwé náà wà.

Kí àyẹ̀wò kan tẹ̀ lé orí yìí: bátìrì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 1.5, gílóòbù LED pupa kékeré kan, rẹ̀sísítọ̀ 220 ọ́ọ̀mù, ọ̀pá dúdú inú pẹ́ńsùlù 2, àti ife omi òjò, kí wọ́n so gbogbo wọn tẹ̀ léra, kí ọ̀pá méjèèjì sì wà nínú ife láìfara kan ara wọn. Iyọ̀ gbígbẹ kò ní tan gílóòbù. Ṣíbí tíì iyọ̀ kan nínú omi yóò tàn án, torí íọ́ọ̀nù rẹ̀ ti lè rìn. Ṣúgà kò ní tàn án, torí mólékù rẹ̀ wà lódidi nínú omi. Bátìrì 2 kò lè ṣe é: omi nìkan ń gba nǹkan bíi fóltì 2, gílóòbù náà ń gba bíi 2. Tí a bá lo wáyà bàbà dípò pẹ́ńsùlù, bàbà yóò máa jẹ, omi á yí àwọ̀, ọmọ á sì rò pé iyọ̀ ló ṣe é. Kí wọ́n má lo omi kànga fún ti ṣúgà, torí íọ́ọ̀nù láti inú àpáta ti wà nínú rẹ̀, gílóòbù lè ṣẹ́jú. Kí wọ́n ṣí fèrèsé nítorí òórùn kílórínì, kí ẹnikẹ́ni má sì so ó mọ́ iná NEPA.