Ìmọ̀ ìtumọ̀ orúkọ ni, àbí ìmọ̀ ìdí-orúkọ?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń yẹ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú wò láti fi mọ àṣà àwọn tó sọ ọ́, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní onomastics. Títí di àárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta la ti dá: onomásítíìkì, tí a kàn yá wọlé, ìmọ̀ ẹ̀dá-orúkọ, tí wọ́n fi jọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, àti ìmọ̀ ìtumọ̀ orúkọ, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo wá bá jà.

Ẹ mú Kòsọ́kọ́, orúkọ ọba tó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le rárá: kò sí ọkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè tú u. Ó wá jẹ́ kí ni? Ṣé wọ́n jí ọkọ́ bàbá rẹ̀ lóko ni? Ó dìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé orúkọ àbíkú ni, pé ohun tí wọ́n ń wí sí ọmọ náà létí ni pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́lẹ̀ òkú ti tán nílé yìí, bó o bá tún kú, kò sẹ́ni tó máa sin ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àkísàtán: àkísà tí a ó fi wé e ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni Ìgbẹ́kọ̀yí: igbó tí à ń gbé irú wọn jù sí ti kọ eléyìí. Ẹni tó túmọ̀ wọn tó dákẹ́ síbẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ wá yí i padà. Kí ni ìtumọ̀ Òjó? Ìgè ńkọ́? Dàda? Àìná? Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé tí wọ́n fi tipátipá fà yọ lára wọn, kò sí èyí tó wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá àgbà èyíkéyìí, kò ní ronú rárá: Òjó ni ọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Àìná ni obìnrin, ẹsẹ̀ ni Ìgè kọ́kọ́ yọ, irun Dàda ti ta kókó kó tó dé. Ìdí la fi mọ àmútọ̀runwá. Bí a bá wá kọ ìtumọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ìta ni gbogbo wọn máa sùn.

Àjàyí náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Òṣogùn ní nǹkan bí 1809, tí wọ́n kó lẹ́rú, tó gúnlẹ̀ sí Sàró, wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n fún un ní orúkọ àlùfáà Òyìnbó kan, Samuel Crowther. Àjàyí sọ fún wa pé ó dojú bolẹ̀ wáyé. Crowther sọ fún wa ta ló wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Ìdí méjèèjì ló ṣe kókó nínú ìtàn. Ìtumọ̀ Crowther ò kan ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ṣojú mi ni ti ọmọ àbúrò mi tó bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a tò yí fóònù ká ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn, ìyá mi gbé abọ́ omi síwájú, ó ju owó sínú rẹ̀, ó ní òun sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀. Bàbá ọmọ rẹ́rìn-ín láti ọ̀hún: "Mọ́mì, kò tíì ti òkun bọ̀ o, ibí náà ló wà." Ìyá mi ò tilẹ̀ wo fóònù. Ó ní, "Yóò bọ̀." (Ọkọ̀ àti fíríìjì náà ń jẹ́ tòkunbọ̀ báyìí, àwọn yẹn kúkú ti bọ̀ ní tiwọn.)

Nítorí náà, ìmọ̀ ìdí-orúkọ ni mo fà kalẹ̀. Ẹ̀dá-orúkọ ò burú, ṣùgbọ́n bí kò sí ọkọ́ ṣe di Kòsọ́kọ́ ló ń tọ́ka sí, iṣẹ́ àwọn oní-mofọ́lọ́jì, àwọn tó ń wo bí a ṣe ń hun ọ̀rọ̀, nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ṣàwàdà pé ìdí náà la fi ń jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, Ìdí-Ìrókò, Ìdí-Àràbà àti Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ ti ń jẹ́ ìdí tipẹ́, ojú ò tì wọ́n.

Ibi tó ti ń yọ mí lẹ́nu ni oríkì. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ ká tó kẹ́. Mo mọ Àbẹ̀kẹ́ bíi mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ kí wọ́n tó wá, wọ́n kàn wá ni. Wọn ò ní ìdí bíi ti Òjó, ìtumọ̀ wọn ò sì bá ìtàn wọn mu. Ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun láàárọ̀ ló ń fi oríkì pọ́n ọn kó lè dìde. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó lè gba Òjó àti Àbẹ̀kẹ́ sínú ilé kan náà, kó gbé e wá, màá yọ tèmi kúrò.