Iṣẹ́ abẹ orí: ṣé ẹ̀rọ wà tó ń ṣọ́ imú kó má baà kú?

Ọmọ Onírú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n rí kókó tí wọ́n ń pè ní meningioma lábẹ́ iwájú ọpọlọ màámi, lókè imú gan-an. Dókítà ní àfi kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbóòórùn mọ́. Irú ni màámi ń ṣe tà. Wọ́n á ṣí igbá díẹ̀, wọ́n á fà á símú, wọ́n á ní "ó di ọ̀la." Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣọ́ etí àti ojú nínú tíátà. Ti imú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ti etí wà: ohun kékeré kan á máa dún kẹ́kẹ́ sí aláìsàn létí, wáyà orí á máa gba ìdáhùn ọpọlọ. Ti ojú, iná ni wọ́n ń tàn sí ìpéǹpéjú. Imú ló le. Rọ́bà ọ̀fun ni ẹni tó sùn fi ń mí, afẹ́fẹ́ ò gba imú, oògùn oorun sì ń pa ìdáhùn ọpọlọ kù. Àwọn olùwádìí ti fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ ta awọ inú imú, wọ́n sì gba èsì lórí iṣan òórùn fúnra rẹ̀, àmọ́ ìwádìí ṣì ni. Ẹ má torí ẹ̀ sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Bàbá Alágbo: Ẹ ò kọ́kọ́ gbìyànjú àgbo?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí kókó yìí bá tóbi, iṣan tí ojú fi ń ríran ló ń tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n London: Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ló ṣe pàtàkì jù. Iṣan òórùn wà lọ́tùn-ún àti lósì, okùn wẹ́wẹ́ wọn gba egungun kan tó luhò bí ajere kọjá sínú imú. Bí wọ́n bá gbé ọpọlọ sókè jù, wọ́n á já. Ẹ̀gbẹ́ kan tó bá ṣẹ́kù ṣì ń gbóòórùn. Ẹ béèrè: ibo lẹ máa gbà wọlé, ṣé ẹ lè dá ẹ̀gbẹ́ kan sí? Bí wọ́n bá ní ihò imú, ẹ tún béèrè dáadáa, torí egungun ajere yẹn ni wọ́n máa gé, òórùn sì sábà máa ń bá a lọ.

Ọmọ Onírú: Màámi ní àwọn ń gbọ́ rọ́ọ̀bù ní ihò méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Rọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹ̀rí o! Títa ló ń ta, iṣan mìíràn ló ń gbé ìyẹn. Irú tó bá ti le náà ń ta imú. Kí wọ́n dijú, ẹ di ihò kan, ẹ gbé kọfí tàbí èfìnrìn síwájú wọn. Ẹ ní kí dókítà náà dán an wò kó tó gbé abẹ.

Ọmọ Onírú: A ti ṣe é. Òsì ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀tún mọ kọfí, ó mọ èfìnrìn. Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀tún yìí ni màá kọ́kọ́ dárúkọ fún dókítà lọ́jọ́ Ajé.