Bí wọ́n bá dá bàálù ilé-iṣẹ́ kan dúró nítorí àtúnṣe, ṣé ó yẹ kí a tún wọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá padà?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti dé pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ẹrù mi kí wọ́n tó kéde pé àjọ tí ó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ti ní kí gbogbo bàálù ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ bá lọ má gbéra mọ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń tún wọn ṣe kò tẹ́ àjọ náà lọ́rùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbà wọ́n láàyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi, tí ó ti lé ní 70 ọdún, ni ó fẹ́ wọ bàálù wọn báyìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Kí ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀? Ṣé bàálù tí ó ti gbó ni kí n máa sá fún?

Èsì kìíní

Ẹ kú àníyàn ìyá. Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń tún bàálù ṣe. Nígbà mìíràn, irú bàálù kan ni wọ́n máa ń dá dúró. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, nítorí pé ọwọ́ tí ó ń tún un ṣe ni wọn kò fọkàn tán. Tiyín jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ lè dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ẹ́ńjìnì apá òsì já kúrò lára bàálù DC-10 ilé-iṣẹ́ American Airlines bí ó ti ń gbéra ní Chicago, ènìyàn 273 sì kú. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, dípò kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnì kúrò lára irin tí ó gbé e kọ́ sábẹ́ apá bàálù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe bàálù náà ti là á sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n tú méjèèjì pọ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ tí ó ń gbé ẹrù sókè (forklift) gbé e, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Irin náà gbá ibi tí kò yẹ, ó sán, kò sì sí ẹni tí ó rí i. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn DC-10 yòókù wò, wọ́n bá irin sísán lára àwọn mìíràn. Wọ́n sì dá wọn dúró ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ 6 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 13 oṣù keje.

Nítorí náà, ìwé ni olùbẹ̀wò máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí mo bá de bóòtù kan, ìyẹn irin tí a fi ń so nǹkan mọ́ra, mo gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti bí mo ṣe fún un le tó, kí n sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn tí kò bá mi dè é yóò tan iná sí i, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fọwọ́ sí tirẹ̀. Bí olùbẹ̀wò bá rí ìfọwọ́sí mi lórí iṣẹ́ ọjọ́ tí mo wà nílé, ó ti rí ohun tí ó ń wá.

Èsì kejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí gan-an ni ó fi hàn pé ọjọ́ orí bàálù kọ́ ni kí a máa bẹ̀rù jù. Bàálù Boeing 737 MAX 9 tí ìdérí tí wọ́n fi dí ojú ilẹ̀kùn kan tí wọn kò lò lára rẹ̀ fò yọ lójú òfuurufú ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024 kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ Alaska Airlines. Bóòtù mẹ́rin ni ó yẹ kí ó dè é, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí i ní ilé-iṣẹ́ Boeing láti tún nǹkan mìíràn ṣe, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé wọ́n ṣí i. Wọ́n dá bàálù 171 dúró.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìdádúró sábà máa ń pẹ́ jù kí ó tó dé. Ènìyàn 189 kú nínú bàálù 737 MAX ti ilé-iṣẹ́ Lion Air ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, síbẹ̀ irú bàálù náà ń fò títí ti Ethiopian Airlines fi já ní oṣù kẹta ọdún 2019, tí 157 tún kú.

Èsì kẹta

Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé owó. Mo ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ bàálù kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé tí àwọn onímẹ̀káníìkì fi ń béèrè pààtì a máa wà lórí tábìlì wa fún ọjọ́ mélòó kan nítorí pé owó epo ni ọ̀gá fẹ́ san ṣáájú, wọn a sì tú pààtì náà lára bàálù mìíràn. Bí owó kò bá tíì yanjú, àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó mi.

Èsì kẹrin, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fèsì àkọ́kọ́

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá gbogbo bàálù wọn ni ó padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá dá ìwọ̀nba padà, tí ó sì dín iye ìgbà tí ó ń fò kù, ni mo máa ń fọkàn tán jù.

Olùbéèrè

Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní márààrún ni ó padà lọ́jọ́ kan náà. Ìyá mi yóò bá ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ.